Ìdánwò Tí Kò Gba Bírò

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ń tún fíríìjì ṣe. Onífíríìjì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àfi àwọn ọmọdé tó ń pè é ní Bọ̀dá Òtútù. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ kì í ṣófo: fíríìjì tí kò ní ilẹ̀kùn, fíríìjì tó dojú bolẹ̀, èyí tí wọ́n gbé wá tí ẹni tó ni ín kò sì padà wá gbé mọ́. Bí ó bá gbé etí lé ẹ̀yìn ọ̀kan, tó gbọ́ bí ó ṣe ń kùn, ó ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Kì í purọ́ fún oníbàárà, kì í sì í gba iṣẹ́ tí kò ní lè ṣe. Ìyọnu kan ṣoṣo ló ní. Akólòlò ni.

Kì í ṣe akólòlò díẹ̀ díẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ a máa há sí i lọ́fun bí eegun ẹja. Á di ojú, ọrùn rẹ̀ á le, ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ á sì ti wo ilẹ̀ wo òkè kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Wọn á gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu, wọn á bá a parí rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ pé gáàsì ló tán, wọ́n á ní, "Gílóòbù? Gíláàsì? Àbí ó ń gbóná?" Onífíríìjì á kàn mi orí, á mú ṣọ́ọ̀kì, á kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn fíríìjì náà. Nígbà tó yá, ìdajì ọ̀rọ̀ tó ń bá ayé sọ, ṣọ́ọ̀kì ló fi ń sọ ọ́.

Òwe kan sì wà tí gbogbo ẹni tó bá pàdé rẹ̀ máa ń pa fún un, pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Wọn á pa á tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ pa á láyé. Ó ti gbọ́ ọ sú débi pé bí ẹnìkan bá ti lè ní "bó pẹ́" báyìí, á ti gbé sípánà rẹ̀, á wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ.

Fíríìjì ló so òun àti ìyàwó rẹ̀ pọ̀. Èyí tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ sí ní ilé ìwòsàn ló dákú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n sì ránṣẹ́ sí i kíákíá. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì kan dúró tì í. Nọ́ọ̀sì yìí bi í pé kí ló ṣe é. Onífíríìjì la ẹnu, ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde. Nọ́ọ̀sì náà kò wo ilẹ̀, kò wo òkè, kò sì bá a parí rẹ̀. Ó kàn dúró, bí ẹni tí kò ní ibì kankan tó fẹ́ lọ títí ọdún á fi parí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde tán, pé wáyà kan ló jó, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ bá wa pààrọ̀ rẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Onífíríìjì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé òun ti rí ẹni tí òun máa fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣé òun náà mọ̀?"

Ó ní rárá, ṣùgbọ́n fíríìjì yẹn ṣì máa bàjẹ́.

"Ta ló máa bà á jẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò sọ pé ó bà á jẹ́ o. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ó ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìgba owó, àti pé kí ọdún tó yí po, a ti jókòó níbi ìgbéyàwó wọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó náà tí ìyàwó rí iṣẹ́ ní òkè òkun, ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Àdéhùn wọn ni pé kí ó ṣáájú. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti tẹlẹ̀, ọkọ á tẹ̀lé e. Wọ́n wá di ẹni tó ń fi fóònù fẹ́ra. Àwọn aláwàdà àdúgbò ní kò sí ẹni tó ń ná owó ìpè sórí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bí àwọn méjèèjì, nítorí bí Onífíríìjì ṣe ń há níbí, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ń dúró dè é lọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tó ń kánjú nínú wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyàwó pè, ohùn rẹ̀ ga.

"Ọkọ mi, ọ̀nà ti là! Wọ́n ní mo lè mú ọkọ mi wá."

Onífíríìjì gbé fóònù náà sórí tábìlì, ó jó yí yàrá ká, ó tún padà wá gbé e.

"Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín," ni ìyàwó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ná. Ìdánwò kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Mi ò tíì ka gbogbo rẹ̀ tán, àmọ́ wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìjọba ibí fọwọ́ sí."

Ìyẹn kò bà á lẹ́rù rárá. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò burú. Ó jáde ìwé mẹ́wàá, gbogbo ìwé tí wọ́n fi ń tọ́ ènìyàn sọ́nà nínú iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti rí pátákó kan lókè ilé kan lẹ́bàá ibi tó ti ń ra páìpù, tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé àwọn ń ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó ń lọ sí òkè òkun. Lọ́jọ́ kejì, ó gun àtẹ̀gùn lọ síbẹ̀.

Ọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn, tó ki bírò mẹ́rin bọ àpò àyà, ló pàdé níbẹ̀. Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Tíṣà ní kí ó má mikàn rárá. Ó ní òun á kọ́ ọ, òun á dán an wò, òun á sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tí kò sí ẹ́ḿbásì tí kò ní ṣílẹ̀kùn fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni Onífíríìjì ṣe bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Ìwé kíkọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n kọ̀wé lórí àǹfààní òjò, wọ́n kọ̀wé lórí èwo ló sàn jù nínú gbígbé ìlú ńlá àti gbígbé abúlé. Ẹ ò rí nǹkan! Bírò kì í kólòlò. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti há sí i lọ́fun láti kékeré ni ó ń tú jáde sórí ìwé. Tíṣà a máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ dání níwájú kíláàsì, á ní, "Ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń kọ Gẹ̀ẹ́sì!" Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bi í léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò tíì sí ẹni tó wá ọ̀rọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Bí ó bá ń bọ̀ láti kíláàsì, ó máa ń súfèé bí òyìnbó.

Kí ó tó sanwó ìdánwò gan-an ni ìyàwó ní kí ó fi orúkọ ìdánwò náà ránṣẹ́ sí òun. Ó ya fọ́tò pátákó náà, ó fi ránṣẹ́. Ọjọ́ ìsinmi ìyàwó ló bọ́ sí. Ó ṣí ojú ewé ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lẹ́yìn náà ló pè.

"Ọkọ mi, orúkọ yìí kò sí níbẹ̀."

"Ó... ó jọ ọ́," ni Onífíríìjì wí. Òun náà ti gbọ́ orúkọ ìdánwò tí ìjọba fọwọ́ sí rí, ó sì fẹ́ jọ ti Tíṣà.

"Ó jọ ọ́ lóòótọ́. Àwọn ìbejì náà jọra, ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹ gbọ́ mi. Àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí kò pọ̀. Kódà èyí tó lókìkí jù nínú wọn, ẹ̀yà méjì ni: ọ̀kan fún àwọn tó fẹ́ lọ kàwé, ọ̀kan fún físà. Ẹni tó bá ṣe èyí tí kì í ṣe tiẹ̀, kó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pọ́n ẹ̀pà. Ẹ dúpẹ́ pé a kò tíì sanwó."

Onífíríìjì ní òun dúpẹ́.

"Èyí tó dára jù nínú rẹ̀ rèé," ni ìyàwó tún wí, ayọ̀ ti ń gbé ohùn rẹ̀ lọ. "Ti tọkọtaya kò le rárá. Ìpele tó rẹlẹ̀ jù ni. Kò sí kíkà, kò sí kíkọ. Ẹ kò tilẹ̀ ní mú bírò dání. Kí ẹ gbọ́, kí ẹ sì sọ̀rọ̀, ó tán. Kí ẹ jókòó síwájú ẹnìkan, kí ẹ kàn máa..."

Ó dúró. Òun náà ti gbọ́ ohun tó ń sọ.

Àwọn méjèèjì dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí kò sì jọ tàtẹ̀yìnwá.

"Ọkọ mi?"

"Mo... mo gbọ́," ni Onífíríìjì wí, ó sì ní oníbàárà kan ń pe òun.

Kò sí oníbàárà kankan.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún gun àtẹ̀gùn Tíṣà lọ. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sójú pátákó kíláàsì pé, "Ṣé ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí ìdánwò yín?"

Tíṣà wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ti rí i. "Ẹyin kan náà ni, Bọ̀dá. Adìẹ tó yé e ló yàtọ̀."

Onífíríìjì fi ìka kan ohun tó kọ.

Tíṣà tú táì rẹ̀ díẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Wọn kò tíì fọwọ́ sí i," ló wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n sọ fún èmi náà pé wọ́n máa fọwọ́ sí i láìpẹ́. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo ń sọ fún yín. Ẹ má bínú." Onífíríìjì wò ó títí, ó sì nu ọ̀rọ̀ náà kúrò lójú pátákó kí àwọn ọmọ kíláàsì tó dé. Kò bínú sí Tíṣà. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ju Tíṣà lọ.

Gbogbo ẹni tó gbọ́ nípa ìdánwò tuntun yìí ló ń kí i kú oríire. "Kò sí ìwé kíkọ? Ẹnu lásán? Ah, ẹ ti dé òkè òkun nìyẹn!" Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán ni wọ́n máa ń rántí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n á wá máa wo bàtà wọn. Onífíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó gbé ìpè ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó yá, kò gbé e mọ́. Á kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ló pọ̀. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Bí ìyàwó bá bi í pé ọjọ́ wo ló mú fún ìdánwò, á ní òun ṣì ń wò ó.

Ìyàwó náà kò pariwo. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló pè. "Àǹtí, ẹ bá mi wo ọkọ mi. Ó ti dákẹ́ jù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tiẹ̀ kọ́ nìyí."

Ẹ̀gbọ́n yìí ló ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn kan náà tí ìyàwó ti ṣiṣẹ́ rí. Obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ọwọ́ rẹ̀ máa ń rùn bí ọṣẹ nígbà gbogbo. Ó dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó dojú kéréètì kan délẹ̀, ó jókòó lé e.

"Kí ló dé tí o kì í gbé ìpè ìyàwó ẹ?"

Onífíríìjì ń tú nọ́ọ̀tì kan tí kò nílò kó tú. "Ẹ... ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ wálé. Mo lè... mo lè bọ́ ọ níbí."

"Ta ló ní kí o bọ́ ọ? Ìdánwò ni mo ń bi ẹ́."

"Mi ò ní... mi ò ní lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo mọ ara mi. Wọ́n á bi mí ní orúkọ mi, mo... mo máa há síbẹ̀ títí àkókò á fi tán." Ó gbé nọ́ọ̀tì náà sílẹ̀. "Tí mo bá kùnà, ojú ló máa tì í. Wọ́n á ní ọkọ rẹ̀ kò... kò lè pe orúkọ ara rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀.

"Gbọ́," ló wí. "Ẹni tó fẹ́ ẹ ní akólòlò, ṣé ìdánwò ló fẹ́ sọ fún un pé akólòlò ni ẹ́? Àbí o rò pé ó ti gbàgbé? Ìyẹn ń sunkún sí mi létí lórí fóònù. Kò sunkún ìdánwò. Ó ní òun kò gbóhùn ọkọ òun."

Onífíríìjì bojú wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ... ẹ ṣáà má pa òwe yẹn."

"Òwe wo?"

"Ti... ti... ti baba."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Mi ò fẹ́ pa òwe kankan. Mo fẹ́ sọ pé kí o gbé fóònù kí o pe àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà, ká mọ ohun tí wọ́n máa wí. Ẹni tí kò bá béèrè ọ̀nà, ṣé ọ̀nà ló máa wá béèrè rẹ̀?"

Ìyàwó ti fi nọ́ńbà ibùdó ìdánwò tí ìjọba fọwọ́ sí ránṣẹ́ tipẹ́. Ìlú ńlá tí bọ́ọ̀sì ń gbé ènìyàn lọ láàárín òwúrọ̀ ló wà. Onífíríìjì pè. Obìnrin kan gbé e, ó ní ẹ káàsán. Onífíríìjì di ojú. Ọrùn rẹ̀ le. Obìnrin náà ní hẹ́lò, hẹ́lò, ó pa fóònù. Ó tún pè, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń mí sí wa létí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ibi iṣẹ́ ni ibí o!"

Ẹ̀gbọ́n gbá itan. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì ṣe Onífíríìjì náà bí ẹni pé wọ́n rin ín ní ìgbáròkó. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé mo yọjú wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ̀rín náà ṣe lọ sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Ó dáa. A jọ ń lọ lọ́la. Wọn ò lè pa ilẹ̀kùn dé mọ́ wa bí wọ́n ṣe ń pa fóònù."

Ibùdó ìdánwò náà wà lókè ilé ìfowópamọ́ kan. Àga oníke ló tò yí yàrá náà ká, kọ̀ǹpútà sì wà nínú yàrá kejì tí a lè rí láti ojú gíláàsì. Akọ̀wé kan jókòó lẹ́yìn tábìlì gíga, ó fi okùn gbé awò ojú kọ́ ọrùn. Onífíríìjì sún mọ́ ọn, ó la ẹnu.

"Mo... mo... mo..."

Akọ̀wé gbé ohun tó ń kọ sílẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó ń wò ó lójú, ó dúró dè é.

"Mo fẹ́ ṣe ìdánwò. Ti... ti ìyàwó mi."

"Ìyàwó yín ló fẹ́ ṣe é?"

"Rárá. Èmi ni. Mo... mo fẹ́ lọ bá a."

"Ah, físà ẹbí. Gbígbọ́ àti sísọ. Ẹ kú oríire. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín wá, orúkọ tó wà níbẹ̀ gan-an la máa lò." Ó yẹ ìwé náà wò, ó tún gbójú sókè. "Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé bí ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyí nígbà gbogbo, àbí ẹ̀rù ló ń bà yín lónìí?"

Ẹ̀gbọ́n ti dìde kúrò lórí àga. "Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, Madam. Kí ló wá dé?"

"Ìdí tí mo fi bi wọ́n ni pé àyè wà fún un, Mà." Akọ̀wé náà kò bínú. "Tí dókítà bá fún wọn ní lẹ́tà, a máa fi kún àkókò wọn. Olùdánwò á ti mọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Kò sẹ́ni tó máa gba máàkì lọ́wọ́ wọn nítorí pé ọ̀rọ̀ há. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń wò, wọn kò wo bó ṣe yá sí."

Onífíríìjì wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Fún... fún irú mi?"

"Ẹ̀yin kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́," ni akọ̀wé wí. "Irú yín máa ń wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kó jókòó. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ǹtì kúrò lórí òun ló rí. Pé wọ́n ti ronú nípa irú òun sílẹ̀, kí òun tó dé. Pé àyè kan wà níbìkan tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tètè jáde. Gbogbo ìgbà tó ń sá fún ibẹ̀, àṣé wọ́n ti ń dúró dè é.

Bí wọ́n ṣe ń lọ, akọ̀wé pè wọ́n padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ pè wá lánàá, ní ẹ̀ẹ̀mẹta?"

Onífíríìjì mi orí bẹ́ẹ̀ ni. Akọ̀wé fi ọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Mo rò pé àwọn ọ̀bàyéjẹ́ kan ni." Ẹ̀gbọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín rẹ̀ ti àná, ó sì rín in dé inú bọ́ọ̀sì.

Dókítà ilé ìwòsàn kọ lẹ́tà náà láìjanpata, wọ́n sì mú ọjọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú un ni Onífíríìjì pe ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbà wọ́n ní àkókò gígùn. Ìyàwó ní kí ó má ṣe irú rẹ̀ mọ́, pé bí ó bá jẹ́ èémí lásán ló kù, kó wá mí sí òun létí. Láti ọjọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ lórí fóònù. Ìyàwó á fún ohùn rẹ̀ pọ̀ bí olùdánwò, á ní, "Ẹ̀gbẹ́ni, kí ni ẹ jẹ láàárọ̀?" Onífíríìjì á ní búrẹ́dì. "Ta ló bá yín jẹ ẹ́?" Á ní kò sẹ́nìkan, ìyàwó òun kò sí nílé. Ohùn olùdánwò á yí padà lójijì, ìdánwò á sì parí fún ọjọ́ náà.

Ọjọ́ pé. Wọ́n mú un wọ yàrá kékeré kan tó ní tábìlì, àga méjì, àti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Olùdánwò jẹ́ ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ó ń wúkọ́ díẹ̀ díẹ̀. Ó kí i, ó tẹ ẹ̀rọ náà, ó sì bi í ní ohun tó ń bà á lẹ́rù jù láyé: kí ni orúkọ rẹ.

Ẹni tí kì í kólòlò kò lè mọ̀. Ọ̀rọ̀ yòókù, bí kan bá há, ènìyàn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ mú òmíràn. Orúkọ ẹni ò ní ìpààrọ̀. Onífíríìjì di ojú. Ó dúró níbẹ̀, lórí lẹ́tà àkọ́kọ́, ó sì gbọ́ bí aago ara ògiri ṣe ń lọ. Ó ń retí kí ọkùnrin náà wúkọ́, kó yẹ ìwé wò, kó gba orúkọ náà lẹ́nu òun, nítorí ó ṣáà wà lákọsílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀.

Orúkọ náà jáde. Ó jáde lódindi.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dàgẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ ilé, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹbí, wọ́n sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó há níbí, ó há lọ́hùn-ún, ó sì ń jáde. Olùdánwò bi í pé kí ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe tó bá dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Onífíríìjì ronú díẹ̀, ó ní òun á kọ́kọ́ wo fíríìjì rẹ̀, nítorí ìyàwó ní ó ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi ń kí i bí aládùúgbò. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín débi pé ikọ́ mú un, ó ní kó dákun, kí ó fún òun náà ní àkókò díẹ̀ kún àkókò òun. Ìgbà yẹn ni Onífíríìjì mọ̀ pé bó yege o, bó kùnà o, òun ti sọ̀rọ̀.

Nígbà tó jáde, Ẹ̀gbọ́n wà lórí àga oníke, ó di ojú, ètè rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Onífíríìjì fọwọ́ kàn án léjìká. Kò lè sọ̀rọ̀ rárá mọ́. Ẹnu rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún kan láàárọ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ó ti tó. Má sọ nǹkan kan. Ká lọ jẹun."

Èsì náà bá a ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún òróró. Ó nu ọwọ́, ó kà á, ó tún nu ojú, ó tún kà á. Ó pe ìyàwó rẹ̀. Bí ìyẹn ṣe gbé e, ọ̀rọ̀ há pátápátá.

Ìyàwó dúró. Ó dúró títí. Ó ní, "Ọkọ mi, tó bá jẹ́ pé ẹ yege, ẹ kan fóònù yẹn lẹ́ẹ̀kan."

"Rá... rárá," ni Onífíríìjì wí. "Ẹnu... ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ ọ́."

"Ó dáa. Mo wà níbí."

Àwa tí a wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà kò mí. Àfi ìgbà tó ké e jáde, tó fi jẹ́ pé ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lódìkejì títì gbọ́: "Mo yege!"

Ìyàwó sọ lẹ́yìn náà pé ilẹ̀ inú ọgbà ibi iṣẹ́ ni òun jókòó sí lọ́jọ́ náà pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, tí àwọn àgbàlagbà tí òun ń tọ́jú sì ń bi ara wọn lójú fèrèsé pé kí ló ṣe nọ́ọ̀sì.

Físà náà gba sùúrù díẹ̀ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé. Onífíríìjì tún èyí tó lè tún ṣe ṣe nínú àwọn fíríìjì iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó pín ìyókù fún àwọn tó ń ra irin. Ẹ̀gbọ́n sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú, ó sì kọ̀, kò sunkún títí ó fi kọjá lójú rẹ̀.

Nígbà tó dé ọ̀hún, òṣìṣẹ́ tó ń wo ìwé ìrìnnà bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ. Ọ̀rọ̀ há. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Tẹ́lẹ̀, ì bá ti máa wá ṣọ́ọ̀kì kiri. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fara balẹ̀, ó mú àkókò rẹ̀, ó sì sọ ọ́ títí dé òpin, pé ọ̀dọ̀ ìyàwó òun ni. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé náà.

Bọ́ọ̀sì ló dá ìyàwó dúró lọ́nà lọ́jọ́ náà. Ó sáré wọ gbọ̀ngán náà, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, ó ń wo ojú ènìyàn kiri, ẹ̀rù sì ti ń bà á pé ọkọ òun á ti máa dààmú níbi tí kò ti mọ ẹnìkankan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan ló ti rí i. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó gbé orí ti òpó náà, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ti sùn lọ fọnfọn bí ọmọ tó yó. Ìyàwó kò jí i. Ó jókòó tì í lórí ilẹ̀, ó bọ́ bàtà ara rẹ̀ tó ń há a lẹ́sẹ̀, ó sì jẹ́ kó sùn díẹ̀ sí i.